Àtẹ́lẹwọ́ Lára Igi Irúgbá

Àwọn ọmọ mi máa ń sọ fún èèyàn pé bàbá àwọn lọ sí Òlíńpíìkì. Irọ́ ni. Mi ò lọ. Mo ti sọ fún wọn títí ó fi sú mi, àmọ́ ẹni tí irọ́ bá ti dùn mọ́ kì í fẹ́ gbọ́ òótọ́ tó máa bà á jẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé díẹ̀ báyìí ló kù kí n lọ, díẹ̀ tí kò tó ohun tí èèyàn máa fi mí èémí kan. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí díẹ̀ yẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ dùn mọ́ mi nínú títí dòní. Bí mo bá fọ́nnu díẹ̀ níbi tí mo ti ń sọ ọ́, ẹ forí jì mí. Mi ò tíì rí òmùwẹ̀ tí kì í fọ́nnu.

Tamale, ní àríwá odò Fọ́ltà, ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, wọ́n sì ń ta wòròbo nínú ọjà: abẹ́rẹ́, òwú, jígí, okùn bàtà, ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá mi ń kó òrí jọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, wọ́n ń tún un tà. Nínú ilé, Yorùbá là ń sọ. Tí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, Haúsá ni. Tí a bá sì dé etí omi, Dàgbánì ló kù, torí pé àwọn ọmọ Dàgọ́ńbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọn ò sì ní dúró kí o máa wá ọ̀rọ̀.

Etí omi tí mo sọ yìí, ẹ má rò pé odò ni. Ìlú olódò kọ́ ni Tamale. Ọyẹ́ ibẹ̀ máa ń gbẹ ètè èèyàn títí yóò fi bẹ́, obìnrin á sì rìn jìnnà kó tó rí omi pọn. Ohun tí a ní ni àwọn dáàmù tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ìlú kí òjò lè máa dúró sínú wọn. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa wà lọ́nà Dungu. Apá kan rẹ̀ wà fún àwọn tó ń pọnmi, apá kejì wà fún màlúù àti fún àwa ọmọkùnrin. Omi náà pọ́n bí ògì ọkà bàbà. Bí o bá lajú sínú rẹ̀, o ò lè rí ọwọ́ ara rẹ.

Níbẹ̀ la ti ń figa gbága. Igi irúgbá ńlá kan wà ní bí ogún ẹsẹ̀ sí etí omi. Láti ìdí igi yẹn la ti ń sáré bọ́ sínú dáàmù, a ó wẹ̀ dé òdìkejì, a ó fọwọ́ kan àpáta tó wà níbẹ̀, a ó sì wẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n dídé etí omi kọ́ ni òpin eré. Omi ti pọ́n jù, ariwo sì ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ pé ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Nítorí náà, o gbọ́dọ̀ jáde, kí o sáré dé ìdí igi, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ tó tutù gbá a lára. Àmì ọwọ́ rẹ á hàn dúdú lára èèpo igi, oòrùn ò sì ní tètè gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ ló borí. Igi ni adájọ́ wa, kì í sì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ Dàgọ́ńbà, tí ilé wọn wà ní Kanvili. Ọdún méjì gbáko ló fi ń fọwọ́ kan igi yẹn ṣáájú mi. Inú máa ń bí mi débi pé oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Lọ́jọ́ tí mo wá borí rẹ̀, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin tó ń pọnmi fi ju igbá sílẹ̀, wọ́n rò pé ọmọ kan ti rì. Mo dì mọ́ igi náà, mo ń jó, mo ń pe orúkọ ara mi. Ọmọ Kanvili yìí wò mí, ó mí hẹlẹ, ó ní kí n fi igi sílẹ̀, igi ò lọ síbì kankan. Mo túbọ̀ dì mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì gbà pé kò sí ohun tó tún kù láyé yìí tí èèyàn lè wá rí.

Gbogbo èyí, bàbá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́.

Kí wọ́n tó bí mi, bàbá mi àti àbúrò wọn jọ máa ń ná ọjà gúúsù ni. Lọ́jọ́ kan, ní Yéjì, níbi tí ọ̀nà Kùmásí ti pàdé odò Fọ́ltà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ń gbé wọn sọdá dojú dé. Bàbá mi rí igi ọkọ̀ dì mú. Àbúrò wọn ò rí nǹkan kan dì mú. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ò sọdá omi mọ́. Àwọn ẹlòmíì ló ń bá wọn kó ọjà wá sí Tamale. Nígbà tí ìyá wọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n fi aṣọ òkú àti owó ránṣẹ́, àwọn fúnra wọn ò lọ, torí pé kò sí ọ̀nà tó lọ sílé tí kò gba orí omi. Òfin kan sì wà nínú ilé wa: omi ò gbọ́dọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ wọn kankan.

Báwo ni mo ṣe wá ń rú òfin yìí tí àṣírí ò tú? Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá wẹ̀ nínú dáàmù, ara rẹ̀ á funfun tó bá gbẹ. Òbí tó bá fura, èékánná ni yóò fi fa ilà sí ọ lápá. Bí ilà náà bá hàn funfun, ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi. Èmi wá ń bu òrí ìyá mi. Mo fi í pamọ́ sínú ewé sẹ́yìn igi irúgbá, tí mo bá ti jáde nínú omi, mo ti para láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n mi ti ju ti àgbà lọ.

Ọyẹ́ ló tú mi fó. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ mú, gbogbo ìlú funfun bí ẹni yí nínú èlùbọ́, mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi lọ́jà. Ẹsẹ̀ gbogbo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ló hó, èmi nìkan ló ń dán bí abẹ́bẹ̀ idẹ. Bàbá mi wò mí títí. Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu apá mi, wọ́n nù ún dáadáa, wọ́n fa ilà kan. Ilà náà funfun kedere. Mo ti fún ara pọ̀ fún ẹgba, àmọ́ wọn ò nà mí. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n di apá mi mú. Ẹ̀rù bà mí ju bí wọ́n bá ti nà mí lọ.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, bàbá mi ro ẹjọ́ mi fún ìyá mi nínú àgbàlá. Wọ́n sọ ọ́ kíkan kíkan, wọ́n ní ọmọ yìí fẹ́ kú, wọ́n sì fi òwe parí rẹ̀:

"Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ."

Ìyá mi ń ṣa èso òrí nínú atẹ, wọn ò gbójú sókè.

"Àbúrò yín ò mọ̀wẹ̀, Bàbá wọn," ni wọ́n wí. "Omi sì gbé e lọ."

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọ̀ràn yẹn lójú bàbá mi rí. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ. Odindi ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí, wọ́n ní àwọn ti rò ó. Wọ́n ní ìwé ni àwọn fẹ́ kí n kà, torí pé kò sí ẹni tó kà á rí nínú ilé wa, àyàfi kéú. Bí mo bá ń yege, kí n máa wẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá jábọ́ nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ náà ni omi tán. Mo ti ń gbà kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá ní kí n máa fi orí rìn, mo máa gbà.

Wọ́n gbà kí n máa wẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọn ò wá wò mí rí. Etí dáàmù yẹn, wọn ò débẹ̀.

Mo pa májẹ̀mú náà mọ́. Àwọn òyìnbó lọ, a gba òmìnira, a gbé àsíá tuntun rìn yí ìlú ká nínú oòrùn, èmi ń yege, mo sì ń wẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, mo rí àyè ní yunifásítì kan ní gúúsù láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi wá sí ìlú tí kò lómi. Bàbá mi sìn mí dé ibùdókọ̀ lọ́rì, wọ́n súre fún mi, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti máa wà lórí odò Fọ́ltà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti yunifásítì, mo dúró gbagidi. Mo rí ìsàlẹ̀ omi! Mo rí ìlà dúdú tí wọ́n fà sísàlẹ̀ rẹ̀, mo rí ewé kan tó rì síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wẹ̀, inú òkùnkùn ni mo ti ń wẹ̀, mi ò sì mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo fẹ́ bẹ́ sínú rẹ̀ tòun taṣọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó mọ̀wẹ̀ wá dánra wò. Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan, ọmọ Gáà tó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, ló ń bójú tó o. Ó ṣàlàyé pé ìwẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fírísítáìlì ni, kálukú á wẹ̀ bó ṣe mọ̀, bó bá ṣáà ti yá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa na adágún náà, àlọ méjì, àbọ̀ méjì. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Orí mi gbọ́, ara mi ló kọ̀ tí kò gbọ́. Mo lọ, mo bọ̀, mo ti fi gbogbo wọn sẹ́yìn. Bí ọwọ́ mi ṣe kan ògiri lẹ́ẹ̀kejì, apá mi méjèèjì gbé mi jáde nínú omi, ẹsẹ̀ mi gbéra, ojú mi ń wá igi. Igi ò sí níbẹ̀. Òpó àtíbàbà táwọn òǹwòran jókòó sí abẹ́ rẹ̀ ni mo rí. Mo sáré lọ, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lára gbàà, mo yíjú padà kí wọ́n wá gbé mi sókè.

Àwọn márùn-ún yòókù ń wẹ̀ lọ ní tiwọn.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mi lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Tamale. Olùkọ́ yẹn ń pariwo, ó ń fọwọ́ júwe omi. Mo sáré padà, mo bẹ́ sínú rẹ̀, ìtìjú ń lé mi lẹ́yìn, mo sì wẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé. Ipò kẹta ni mo ṣe. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ náà wá bi mí, tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, bóyá ara mi yá. Mo sọ ọ̀ràn igi irúgbá fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Nígbà tó rójú, ó ní ẹni tó yà kí òpó nílé, tó tún ṣe kẹta, kí ló máa wá ṣe tó bá dúró sínú omi? Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀.

Ayé mi wá di ti ẹni tó ń jó lójú agbo méjì. Bí mo bá ti kí ìrun àárọ̀ tán, adágún ni. Kí n tó jáde, aago ẹ̀kọ́ ti fẹ́ẹ́ lù. Mo máa ń jókòó sí kíláàsì tí omi ń kán lórí mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ìwé wọn má baà rin. Àkókò ò tó mi. Mo wá dá ọgbọ́n kan: mo kọ àwọn òfin ìṣirò sára bébà, mo fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ lórí ògiri ní orí adágún méjèèjì. Tí mo bá wẹ̀ dé orí kan, mo ka ìlà kan. Tí mo bá dé èkejì, mo ka òmíràn, mo ń sọ ọ́ sínú títí n ó fi padà dé. Mi ò rí ọgbọ́n tó tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Olùkọ́ mi mú aago lọ́wọ́, kò mọ ìdí tí mo fi ń yára lágbede méjì, tí n ó wá dé ìdí ògiri, tí n ó máa falẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá dúró tì mí níbẹ̀, tó rí mi tí mò ń kàwé nínú omi, ó kó gbogbo bébà náà. Ó ní ẹsẹ̀ ni kí n máa fi ti ògiri, kì í ṣe ojú.

Bí mo ṣe jáwọ́ nínú ìwé kíkà lójú omi, iye ìṣẹ́jú tí mo fi ń wẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń dín. Ìròyìn sì dé pé wọ́n máa ṣe ìdíje láti fi wá òmùwẹ̀ tí wọ́n lè kà mọ́ àwọn tó ń lọ sí Òlíńpíìkì. Ẹni tó bá lè wẹ̀ ẹ́ tán láàárín àkókò kan báyìí, wọ́n lè rán an lọ. Mo ti sún mọ́ àkókò náà gan-an. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun dáadáa, inú mi ń dùn láìnídìí. Bí mo bá ń rìn lọ lójú títì, apá mi máa ń gbéra fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jábọ́. Ìdánwò àwòrán ilé àti afárá ni. Láti inú omi ni mo ti sáré lọ, irun mi sì kún nígbà náà. Mo ya afárá mi, ó dára, mo fi yíǹkì tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Mo tẹrí ba láti kọ orúkọ mi, omi já láti iwájú orí mi, ó kán sáàárín afárá. Mo fọwọ́ nù ún. Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Afárá di irà, irà di adágún. Wọ́n ní kí n wá tún un ṣe, ọjọ́ tí wọ́n sì mú ni òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje náà gan-an. Ọ̀sán ni ìdíje.

Wọ́n fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí ilé. Ọ̀rẹ́ mi ará Kanvili, tó ti di tíṣà nígbà náà, ló máa ń ka lẹ́tà fún bàbá mi. Ì bá ti pa irọ́ díẹ̀ fún mi, kò pa á. Ó kọ̀wé sí mi pé òun ka ohun tó wà níbẹ̀, torí pé igi kì í ṣojúsàájú. Nísàlẹ̀ ìwé náà ló kọ ohun tí bàbá mi ní kó kọ sí, ọ̀rọ̀ méjì péré: "Omi tán."

Mo jáwọ́. Olùkọ́ mi wá bá mi nínú yàrá, ó bínú, ó ní ṣé ọmọdé ni mí ni, bàbá tó wà ní Tamale kò lè rí mi. Mo ní ìyẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Mi ò wọ omi, àmọ́ mo ń fi àyà lé bẹ́ǹṣì, mo ń ju apá àti ẹsẹ̀ nínú yàrá bí alángbá, olùkọ́ mi sì ń ka aago lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Mo wá kọ lẹ́tà sílé. Mo sọ ọ̀rọ̀ yíǹkì bó ṣe rí. Mo ní: ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ wá jókòó níbi tí ẹ ó ti rí mi. Ẹ wò mí níbi ìdánwò. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní kí n má wọ omi, n ò ní wọ̀ ọ́.

Mo ti ju lẹ́tà náà sínú àpótí kí n tó rántí ohun tí mo bèèrè. Mo ti ní kí bàbá mi sọdá odò Fọ́ltà. Ojú tì mí. Mo dúró ti àpótí yẹn bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ.

Èsì ò dé. Nígbà tó ku ọ̀la, mo lọ bá onígbàjámọ̀, mo ní kó fá orí mi kodoro, kó má ku irun kan tí omi máa sá pamọ́ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo jáde nílé tí à ń gbé, mo rí ọkùnrin àgbà kan tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, agbádá funfun lọ́rùn, tẹ̀súbàá lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ etí odò ti gbẹ mọ́ bàtà wọn. Ọ̀rẹ́ mi ará Kanvili dúró sẹ́yìn wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi na ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sí mi: àmì èékánná márùn-ún wà níbẹ̀. Ó ní láti etí odò kan dé èkejì ni bàbá mi fi di òun mú, tí wọ́n dijú, tí wọ́n ń kéwú.

Bàbá mi ò sọ nǹkan kan nípa odò. Wọ́n wo orí mi tó ń dán, wọ́n bi mí níbo ni ìdánwò wà.

Abẹ́ igi dógóyárò tó kọjú sí fèrèsé wa ni wọ́n jókòó sí. Mo ya afárá. Mo yà á bí ẹni pé bàbá mi máa gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo jáde, mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì síwájú wọn, kò sí yíǹkì kan tó yí mi lọ́wọ́. Mo yege ìdánwò náà, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo tó mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n yọ tẹ̀súbàá sínú àpò.

"Tó," ni wọ́n wí. "Níbo ni omi náà wà?"

Olùkọ́ mi gbé àga fún wọn sẹ́bàá adágún, ní orí ojú ọ̀nà tí mo máa wẹ̀ gan-an, níbi tí eré ti máa bẹ̀rẹ̀ tó sì ti máa parí. Wọ́n jókòó gangan, wọ́n sì di àga mú bí ẹni tó wà lórí ọkọ̀. Wọ́n fun fèrè, a bẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mi ò ti fara kan omi, ó sì gbà mí bí ìyá ṣe ń gba ọmọ tó ti ìrìn àjò dé. Mo dé ògiri àkọ́kọ́, mo fẹsẹ̀ tì í, kò sí bébà, kò sí ìṣirò. Mo padà wá, mo tún lọ. Ọkùnrin kan láti etíkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń lọ ní apá sí apá. Ní àbọ̀ ìkẹyìn, mo gbórí láti mí, mo sì rí funfun kan lórí ògiri. Bàbá mi ti dìde. Mo rí i pé wọ́n ya ẹnu, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Gbogbo agbára tí mo ní láyé ló wá sí èjìká mi. Mo fọwọ́ kan ògiri ṣáájú ọkùnrin yẹn.

Eré ti parí níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara mi ni ò mọ̀. Apá mi gbé mi jáde, mo gbéra, mo sáré, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì gbá ohun tó dúró síwájú mi lára. Bàbá mi ni. Àmì ọwọ́ mi méjì hàn láyà agbádá funfun náà, ó tutù rin. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rín ẹ̀rín yẹn. Ó gbé ọwọ́ mi sókè, ó ní igi ti dájọ́.

Olùkọ́ mi wá pẹ̀lú aago. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ hàn mí bí ohun tó kù ṣe kéré tó, ìka méjèèjì fẹ́ẹ́ kanra. Mo borí gbogbo wọn, mi ò borí aago. Ó dùn mí. Ó dùn mí dé egungun, ẹ má ṣe jẹ́ kí n parọ́. Wọn ò rán òmùwẹ̀ kankan lọ lọ́dún yẹn. Bàbá mi bi mí kí ni ọkùnrin náà ń wí, mo ní aago ló ṣẹ́gun mi. Wọ́n wo aago náà, wọ́n ní aago ò bá mi wọ omi.

A jókòó sínú oòrùn títí ara mi fi gbẹ. Bàbá mi fa apá mi mọ́ra, wọ́n fi èékánná fa ilà kan síbẹ̀. Ilà náà funfun kedere. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, èjìká wọn ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ṣì di apá náà mú.

"Tí a bá ń sọdá lọ́la," ni wọ́n wí, "n ó lajú mi."

Lẹ́tà ọ̀rẹ́ mi dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní bàbá mi lajú láti etí odò kan dé èkejì. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ dé àárín, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ wọn kan omi.